Kí Ló Tún Kù Tí Ọmọ Yìí Ń Kọ́?

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Ìdáàṣà, ẹ̀yin ti Nàìjíríà àti ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, a kí yín láti Atakpamé. Ìdánwò àwọn ọmọ ni kò jẹ́ kí a ráyè kọ nǹkan síbí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wáyé láàárín àwa àti bàbá kan ní ọjọ́ Àìkú kan, a sì rò pé ó yẹ kí ẹ gbọ́ ọ, nítorí a mọ̀ pé irú bàbá bẹ́ẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín náà.

Oko bàbá yìí wà ní Kamina, ní ìta ìlú wa níbí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti jókòó sí kíláàsì wa rí. Ọmọ náà gba báàkì, ó lọ sí yunifásítì ní Lomé, láti Lomé ó dé Jámánì, ibẹ̀ ló sì ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú kẹ́mísírì. Nígbà tí ìròyìn yẹn dé, wọ́n pa ewúrẹ́, àwa náà sì jẹ níbẹ̀. Àfi bí bàbá ṣe kan ilẹ̀kùn wa láàárọ̀ kùtù, tí kò tilẹ̀ jẹ́ kí a kí ara wa tán. Ó ní ọmọ pe òun lálẹ́ àná, ó ní òun kò tíì ní wá sílé, òun tún ti rí àyè ọdún méjì mìíràn gbà níbẹ̀. Post-doc ni wọ́n ń pè é.

"Mẹ́tírì," bàbá wí (bí a ṣe ń pe olùkọ́ níbí nìyẹn, ẹ̀yin ará Nàìjíríà ẹ má rẹ́rìn-ín), "ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi. Ṣé ọmọ yìí yege ni àbí kò yege? Ta ní í parí ìwé tí yóò tún padà wọ ilé ìwé? Ìyá rẹ̀ kò sùn mọ́jú. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, kò ní ọkọ, kò ní ọmọ. Kí ló tún kù tí ọmọ yìí ń kọ́?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa wá, ṣùgbọ́n nígbà tí a wo ojú bàbá, a gbé e mì. Owó kòkó ni bàbá fi rán ọmọ yìí lọ sí Lomé, ilẹ̀ kan sì bá a lọ. Ẹni tó bá ta ilẹ̀ nítorí ìwé ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìgbà tí ìwé yóò parí.

A ní kí ó jókòó. Ilé iṣẹ́ télọ̀ ni a fi ṣàlàyé fún un. Ẹ mọ̀ bí a ṣe ń ṣe é: ọmọ kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọjọ́ pé, ọ̀gá tú u sílẹ̀, wọ́n da àtíkè lé e lórí, wọ́n lu ìlù, ó gba ìwé ẹ̀rí. Fírídọ̀mù ni wọ́n ń pè é ní Nàìjíríà, àwa ń pè é ní liberasíọ̀nù. Ṣùgbọ́n ẹni tí a tú sílẹ̀ tí kò tíì ní ẹ̀rọ tirẹ̀ lè dúró ti ọ̀gá fún ọdún kan tàbí méjì sí i. Kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ mọ́. Kì í gbálẹ̀, wọn kì í rán an lọ ra oúnjẹ. Òun ló ń gé aṣọ àwọn oníbàárà pàtàkì, wọ́n sì ń sanwó fún un. Ọ̀gá ló ni ṣọ́ọ̀bù, òun ló ni ọwọ́. Ipò tí ọmọ yín wà nìyẹn, bàbá. Ó ti gba òmìnira. Ó ń ṣe ìwádìí nínú ilé àyẹ̀wò ẹlòmíràn kí orúkọ tirẹ̀ náà lè jáde.

"Wọ́n ń sanwó fún un?"

A ní oṣooṣù ni.

"Èló?"

Ìyẹn ni a kò mọ̀. A rí i pé ojú bàbá ti rọ̀ díẹ̀, àmọ́ kò pẹ́ tó tún fi le padà. "Iṣẹ́ wo wá ni, tí ènìyàn kò lè ṣe níhìn-ín?"

Kí a má parọ́ fún yín, ìbéèrè yìí ni a ti ń bẹ̀rù láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwádìí ọmọ náà dá lórí ohun tí Faransé ń pè ní catalyseur, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní catalyst. Àwa tí a kọ́ ìwé Faransé, a mọ ìtumọ̀ rẹ̀ sórí láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́: ohun tó ń mú kí èròjà kan àti èkejì tètè yí padà di nǹkan mìíràn, tí òun fúnra rẹ̀ kì í tán nínú rẹ̀. A kà á bí ayékòótọ́, a gba máàkì lórí rẹ̀, a sì kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ọ̀pọ̀ ọdún lọ kí a tó rí i pé Yorùbá ti ní orúkọ tó bá a mu. Alárinà ni.

Ẹ wò ó. Ọ̀dọ́mọkùnrin wà ní ilé yìí, ọ̀dọ́mọbìnrin wà ní ilé ọ̀hún. Kò sí ìjà láàárín ilé méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò kọ́kọ́ la ẹnu. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n lè fẹ́ra lẹ́yìn ogún ọdún, wọ́n sì lè má fẹ́ra láéláé. Alárinà wọlé, ó sọ síhìn-ín, ó sọ sọ́hùn-ún, òkè tí wọn ìbá gùn di ìwọ̀n tí ẹsẹ̀ wọn ká. Ìgbéyàwó ṣe. Alárinà kò di ọkọ, kò di ìyàwó. Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó kọjá sí ilé mìíràn. Bí ìyàwó bá mọjú ọkọ tán, alárinà a yẹba. Èyí tí kò bá yẹba, wàhálà ni. Nínú kẹ́mísírì náà, bí nǹkan bá lẹ̀ mọ́ ara alárinà tí kò kúrò, bí imí ọjọ́ ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ irin, iṣẹ́ rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn onímọ̀ a ní ó jẹ májèlé.

Bàbá ní ìyá òun ṣe alárinà fún ìdílé mẹ́fà nígbà ayé rẹ̀, kò sì jẹ májèlé. A ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

A rán bàbá létí ohun kan tí òun alára ti gbàgbé. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa, ilé ìwé tí a ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà kò ní ilé àyẹ̀wò. Kọ́bọ́ọ̀dù kan ló wà, ìgò mẹ́ta àti èkúté ló wà nínú rẹ̀. A ra omi tí wọ́n fi ń fọ egbò ní fámásì, èyí tó máa ń hó lójú egbò yẹn. A ní kí àwọn ọmọ kó bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó ti kú wá. A la bátìrì kan, a bu ìyẹ̀fun dúdú inú rẹ̀, máńgánísì ló pọ̀ níbẹ̀, a fọ̀ ọ́, a sá a. A da omi egbò sínú ife. Ó jókòó síbẹ̀, kò ṣe nǹkan kan. A wọ́n ìyẹ̀fun dúdú yẹn sí i, kò ju ìwọ̀n orí èékánná lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí hó wùù. A ti igi kan tí iná orí rẹ̀ ti kú, tó ku ẹyin iná pupa, bọ ẹnu ife, iná tún ràn. Ọ́síjìn ló ń jáde. Àwọn ọmọ pariwo débi pé ọ̀gá ilé ìwé wá wò wá.

Nígbà tí aago lù, gbogbo wọn sáré jáde. Ọmọ bàbá dúró. Ó sẹ́ ìyẹ̀fun náà, ó fọ̀ ọ́, ó sá a, ó tún un lò. Lọ́jọ́ kejì ó tún un lò. Ó ń lò ó títí omi inú ìgò fi tán, ìyẹ̀fun kò tán. Ó wá bi wá pé: "Mẹ́tírì, báwo ni ẹni àkọ́kọ́ ṣe mọ̀ pé dúdú inú bátìrì ni yóò ṣe é, tí kì í ṣe eérú tàbí iyọ̀?" A kò ní èsì. A ní kí ó lọ jẹun.

Èsì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni pé wọn kì í sáà mọ̀. Wọ́n ń dán an wò ni. Ní Jámánì, kí ogun 1914 tó bẹ̀rẹ̀, Fritz Haber rí i pé òun lè mú naitirójìn inú afẹ́fẹ́ àti háídírójìn ṣe ìgbéyàwó, kí wọ́n bí amóníà. Ṣùgbọ́n osmium ni alárinà tí ó lò, ó wọ́n ju góòlù lọ ní àwárí. Ilé iṣẹ́ BASF wá fi Alwin Mittasch sí i kí ó wá òmíràn. Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dán ẹgbẹẹgbẹ̀rún àdàlù wò. Ohun tó gbà nígbẹ̀yìn kò ju irin lásán lọ, tí wọ́n fi alumíníọ́mù díẹ̀ àti pọ́táṣì díẹ̀ sí, irú èyí tó wà nínú eérú tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Ní September 1913, ilé iṣẹ́ tó ń fi irin náà ṣe amóníà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Oppau. Láti ara amóníà ni yúríà ti ń wá, èyí tí bàbá ń dà sí ìdí àgbàdo. Ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote tí wọ́n ṣí ní Lekki ní March 2022, ọ̀nà yẹn kan náà ló ń tọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ọmọ bàbá nìyí. Háídírójìn tí wọ́n ń lò fún ajílẹ̀ yẹn, láti inú gáàsì abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀, èéfín rẹ̀ sì wà lára ohun tó ń mú ayé gbóná. Háídírójìn mìíràn sì ń bẹ níwájú ojú wa, nínú omi. Bí a bá fi iná mànàmáná sínú omi, háídírójìn á bọ́ sí apá kan, ọ́síjìn á bọ́ sí apá kejì. A lè tọ́jú háídírójìn náà, a lè fi dáná, a lè fi ṣe ajílẹ̀, a lè yí i padà di iná mànàmáná lóru. Bí ó bá jó tán, omi ni yóò tún dà. Ẹ rò ó wò níbi tí oòrùn pọ̀ sí bíi tiwa. Ní Blitta, ní àríwá Atakpamé, wọ́n ṣí ibùdó iná oòrùn 50 mẹ́gáwáàtì ní 2021. Ó dára gidi, ṣùgbọ́n oòrùn a máa wọ̀.

Omi kì í fẹ́ kọ ara rẹ̀ sílẹ̀, ìyọnu rẹ̀ nìyẹn. Kìlógíráàmù háídírójìn kan ń fẹ́ omi lítà 9 ó kéré tán. Agbára tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlówáàtì-wákàtí 33, ṣùgbọ́n iná tí ẹ̀rọ òde òní ń jẹ kí ó tó mú un jáde lé ní 50. Ìyókù ń di ooru, ó ń ṣòfò. Apá ọ́síjìn ló le jù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá alárinà. Nínú irú ẹ̀rọ tó fara da bí oòrùn ṣe ń ràn tó sì ń ṣú, iridium ni wọ́n ń lò. Gbogbo ayé kò rí tọ́ọ̀nù 10 iridium wà jáde lọ́dún kan, South Africa ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ti ń wá. Alárinà tí owó ìtọrọ rẹ̀ ga ju owó orí ìyàwó lọ, ta ni yóò pè é? Ìdí nìyẹn tí ọmọ bàbá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ń wá a nínú irin, nínú níkẹ̀lì, nínú ohun tí kò wọ́n. Wọ́n ń pò ó, wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n ń yan án, wọ́n ń dán an wò. Ó sọ fún wa rí pé èyí tó bá ṣe dáadáa lónìí lè kú kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Báyìí ni ọdún ṣe ń lọ.

Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ní kí a bá òun dé oko. Ọ̀kadà kan ṣoṣo ló gbé àwa méjèèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Kamina, nǹkan kan wà nínú igbó ibẹ̀ tí àjèjì kì í retí. Àwókù ilé ńlá ni, ògiri rẹ̀ nípọn, irin ẹ̀rọ tó ti dípẹtà wà káàkiri, igi sì ti hù láàárín wọn. A ti kó àwọn ọmọ kíláàsì wa lọ síbẹ̀ láìmọye ìgbà. Ibùdó wáyálẹ̀ẹ̀sì tí àwọn Jámánì kọ́ ni. Ilé iṣẹ́ Telefunken bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1911, Anton Codelli tó wá láti Ljubljana ló darí iṣẹ́ náà. Wọ́n gbé òpó irin gíga-gíga dúró, wọ́n kọ́ ilé ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi mú iná mànàmáná wá, kí ọ̀rọ̀ lè ti Kamina dé Nauen lẹ́bàá Berlin, ibi tó lé ní 5000 kìlómítà, láìsí wáyà. Ó sì dé. Ní 1914 Kamina ń bá Nauen sọ̀rọ̀, ó sì ń bá ọkọ̀ ojú omi sọ̀rọ̀ lórí òkun. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní August. Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀dọ̀ Gold Coast wọlé, Faransé gba Dahomey. Lóru 24 mọ́jú 25 August, àwọn Jámánì fúnra wọn wó àwọn òpó náà, wọ́n fọ́ ẹ̀rọ náà túútúú. Nígbà tó di 26 August, wọ́n túúbá. Ohun tí wọ́n fi ọdún mẹ́ta kọ́, oṣù díẹ̀ ló fi ṣiṣẹ́, òru kan ló sì fi bàjẹ́.

Àwọn bàbá ńlá wa wà lára àwọn tó ṣá igbó yẹn, tó sì gbé irin yẹn. A kò gbọ́ rí pé ẹnì kan nínú wọn kọ́ bí a ṣe ń tún un ṣe. Nítorí náà, nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n lọ, ó di ibi tí ewúrẹ́ ń sá òjò sí.

Bàbá jókòó lórí ògiri kan. "Àwọn Jámánì tó ṣe èyí náà ló gba ọmọ mi síṣẹ́?"

"Ọmọ ọmọ wọn ni, bàbá."

"Kí wá ni wọ́n ń wá nínú omi àti oòrùn wa?"

Ìbéèrè náà kò já wa kulẹ̀, àwa náà ti rò ó. Jámánì kò ní oòrùn tó. Ìjọba wọn ti sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn yóò ra háídírójìn láti ilẹ̀ òkèèrè. Láti 2021, owó wọn ló ń gbé ẹ̀kọ́ máàstà kan lórí agbára àti háídírójìn tí àjọ WASCAL ń ṣe fún àwọn ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, yunifásítì Lomé sì wà lára àwọn tó ń kọ́ wọn. Kì í ṣe nítorí ojú àánú nìkan. A kò sì bínú sí ìyẹn, ọjà ni ọjà ń jẹ́. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni irú ẹni tí a óò jẹ́ nínú ọjà náà. A ti rí wáyà iná ńlá tó ń kọjá lórí abúlé tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń fi fìtílà kàwé. Nígbà tí Tógò àti Benin jọ kọ́ ìdídò Nangbéto lórí odò Mono, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1987, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ṣí kúrò lórí ilẹ̀ wọn. Àwọn kan nínú wọn ń gbé ní agbègbè wa títí di òní. Bí wọ́n bá tún dé láti béèrè omi fún háídírójìn, ta ni yóò jókòó ní apá ọ̀dọ̀ wa tí yóò lè sọ pé lítà báyìí ni ẹ ń fẹ́, iná báyìí ni yóò jẹ, ẹ̀rọ yín yìí kò dára tó èyí tó wà ní ibòmíràn? Bóyá àwa olùkọ́ ni, tí a ka catalyseur bí ayékòótọ́? Ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ po àdàlù ọgọ́rùn-ún, tí mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún kú mọ́ ọn lọ́wọ́, òun la nílò níbẹ̀. Ọdún méjì tí bàbá ń ka ìka lé lórí, ibẹ̀ ló ti ń kọ́ èyí.

A sọ ọ́ tán, inú wa dùn sí ara wa.

Bàbá wò wá. "Mo gbọ́. Bí ó bá wá mọ̀ ọ́n tán, níbo ni yóò ti máa ṣe é? Ṣé inú kọ́bọ́ọ̀dù yín yẹn ni?"

A kò rí nǹkan sọ. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí ọmọ náà ń lò láti wo ojú irin, iye tí wọ́n ń tà á ju ohun tí ilé ìwé wa yóò rí ná ní ogún ọdún lọ. Iná tí yóò máa gbé e kò sì gbọdọ̀ ṣẹ́jú. A mọ àwọn tó parí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n padà wálé, tí wọ́n ń kọ́ kíláàsì tó kún fọ́fọ́ láti àárọ̀ dé alẹ́, tí wọn kò tún fọwọ́ kan ìwádìí mọ́. A mọ àwọn tí kò padà. A sọ àwọn méjèèjì fún bàbá, nítorí ó ti ní kí a má fi nǹkan kan pamọ́. Ó dákẹ́ títí. Ẹyẹ ló ń ké.

Nígbà tó pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì mú irin kékeré kan nílẹ̀, bíi nọ́ọ̀tì àtijọ́, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ débi pé ó ń bù lọ́wọ́. Ó ní kí a fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ òun, kí a kọ sábẹ́ rẹ̀ pé bàbá rẹ̀ kí i, pé òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọdún méjì náà, ṣùgbọ́n òun ń kà á, àti pé kí ó wá ọ̀rọ̀ sọ fún ìyá rẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ ọkọ, nítorí òun kò lè ṣe alárinà ìyẹn. A kọ gbogbo rẹ̀ bí ó ṣe wí, lórí WhatsApp.

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ohùn ọmọ náà wọlé. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú oko. Ṣé ẹ rí ìpẹtà pupa tó wà lára irin yẹn? Ohun tó jọ ọ́ gan-an ni mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ìpẹtà irin, tí a fi níkẹ̀lì sí. Òun ló ṣe dáadáa jù lọ nínú gbogbo èyí tí mo dán wò lọ́dún yìí."

Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ wa, ó gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wo nọ́ọ̀tì tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wo gbogbo irin tó sùn sínú igbó.

"Ìpẹtà?" ó ní. "Ìpẹtà ni mo ta ilẹ̀ lé lórí? Ẹ sọ fún un pé ó kún oko mi."